Ìbò Bọ́tìnnì ní Yàrá Kẹrìnlá

Ní yàrá kẹrìnlá, kò sí ohun tí wọn kì í dìbò lé lórí. Ta ló máa gbálẹ̀? Wọ́n á dìbò. Ṣé kí fáànù máa fẹ́ ni àbí kí wọ́n pa á? Ìbò. Nígbà kan tí eku wọ abẹ́ ibùsùn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dìbò yan ẹni tó máa lé e. Kí wọ́n tó ka ìbò tán, eku ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó dá àṣà yìí sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Alága. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yàn án o. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà, ó sì ti wà ní ọdún kẹta nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀rọ̀ máa ń tètè yé e, ó sì máa ń tètè rò pé kò tíì yé ẹlòmíràn. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí ara ẹnì kan nínú wọn bá gbóná, òun ló máa kọ́kọ́ dìde. Àmọ́ tó bá ti dìde báyìí, kò ní jókòó mọ́ títí gbogbo wọn á fi ṣe ohun tí òun fẹ́.

Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń dìbò. Ọmọ Tẹ́lọ̀ ló kó wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, odidi agolo kan, funfun àti dúdú. Funfun ni "bẹ́ẹ̀ ni", dúdú ni "rárá". Ife búlúù kan tí etí rẹ̀ ti kán wà lójú fèrèsé, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Ọmọ Tẹ́lọ̀ yìí wà ní ọdún kejì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ já ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn tí kì í wá a wá. Olórin ni ẹnì kẹta, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọrin ní balùwẹ̀, tó sì ń kọrin nígbà tí ẹlòmíràn bá ń kàwé. Ẹnì kẹrin ni Kékeré, ọmọ ọdún kìíní, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Òfin kan wà tí Alága fi ń yangàn: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ dìbò. Ìdí wà tó fi ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wà ní yàrá náà tó máa ń fi ọṣẹ ọlọ́ṣẹ wẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bá a wí, òun náà á ju bọ́tìnnì dúdú sínú ife, ẹnì kan á ṣàánú rẹ̀, á ju dúdú tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ á di ọ̀mì.

"Èèyàn kì í jẹ́jọ́ kó tún dá a," ni Alága wí.

Gbogbo wọn gbà fún un. Ní ti ọṣẹ, òfin tó dáa ni.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ kì í ṣe ti ọṣẹ.

Ọmọ Tẹ́lọ̀ jókòó sétí ibùsùn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí kò tíì jẹun tó ṣe gúnmọ́, èébì ló ń bì ní àràárọ̀. Lánàá, ó ra páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò bóyá oyún wà, ìlà méjì ló jáde lójú rẹ̀. Alága nìkan ló fi í hàn. Kí wọ́n tó fọ ẹnu tán láàárọ̀ yìí, gbogbo yàrá ti gbọ́.

"Ká tó bẹ̀rẹ̀," ni Alága wí, "bọ̀bọ́ ẹ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò tíì ṣe tán àtibímọ. Ó ní ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ní kí n ṣe ni kí n ṣe."

"Olóríburúkú!" ni Olórin ké.

"Ó kéré tán, ó mọ̀ pé a gbọ́n," ni Alága fèsì. "Ó yá, kí kálukú sọ èrò ẹ̀."

Olórin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ò lè fọwọ́ sí i pé kó yọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àní tí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé yàrá mi ni wọ́n ti ṣe é, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé ẹnu sókè kọrin mọ́?"

Kékeré kó ìka rẹ̀ pọ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lé ẹni tó bá lóyún níléèwé? Ẹnì kan sọ fún mi ní ilé oúnjẹ pé wọ́n lé ọmọbìnrin kan lọ."

"Wọ́n á lé e ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" ni Alága wí. "Kò tiẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá lé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ńkọ́? Ó ku ọdún kan péré kó jáde nígbà tó lóyún. Títí dòní, ilé ló wà. Ọmọ ẹ̀ ti ń lọ síléèwé, òun ò padà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ á tan ara wa. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ."

Ọmọ Tẹ́lọ̀ gbójú sókè. "Ìyá mi..."

"Ìyá ẹ á kú ni!" Alága ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. "Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú, tó ń ránṣọ títí ojú ẹ̀ ò fi fẹ́ ríran mọ́ nítorí ìwé ẹ. Ṣé o fẹ́ kó gbọ́ irú èyí ni?"

Ọmọ Tẹ́lọ̀ tún tẹrí ba mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fẹ́ sọ nípa ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

"Bọ́tìnnì funfun, kó yọ ọ́," ni Alága wí. "Bọ́tìnnì dúdú, kó má yọ ọ́. Ọmọ Tẹ́lọ̀, o mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Olórin ju dúdú. Alága ju funfun. Kékeré mú ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, ó wá ń wo Alága. Alága náà ń wò ó. Ọwọ́ tí funfun wà ló ṣí sínú ife.

Méjì sí ọ̀kan. Alága ṣí ìwé yàrá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ní abẹ́ ibi tí wọ́n kọ ẹni tó máa fọ ìkòkò lọ́sẹ̀ yẹn sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ó mú ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà iléèwé pọ̀n, ó lọ bá ọkùnrin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Dókítà Alápò. Kì í ṣe dókítà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ kankan. Àmọ́ ó ní àpò dúdú ńlá kan, inú àpò yẹn ló sì ti ń yọ oògùn gbogbo àìsàn ayé. Ó tún ń tún fóònù ṣe. Fóònù kan tó ti tú palẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tí Alága dé.

"Ẹ káàsán, Dókítà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló lóyún."

Kò gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́ ẹ. Ó yé mi."

"Ọ̀rẹ́ mi ni lóòótọ́!"

"Mo ní ó yé mi. Ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn máa ń jẹ́."

Kò béèrè bí oyún náà ti pẹ́ tó. Kò béèrè bóyá ọ̀rẹ́ yìí ní àìsàn kan lára, tàbí oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ìgò oògùn ikọ́ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ha ìwé ara rẹ̀ dànù. Ó tún wé hóró oògùn mẹ́rin sínú bébà tó ya lára ìwé.

"Kó lo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí inú bá ń run ún, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ má bẹ̀rù. Ohun kan tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè sí yín níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Alága yìí kan náà ló máa ń ka ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì kó tó jẹ ẹ́. Ó máa ń ka ẹ̀yìn ọṣẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba ìgò tí kò ní ìwé lára, ó gbé e sí báàgì, ó ní "ẹ ṣeun, sà".

Nígbà tó délé, Kékeré gbé ìgò náà sókè sí ojú ìmọ́lẹ̀. "Alága, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Oògùn ni."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni. Kí ni wọ́n ń pe oògùn ọ̀hún?"

Alága ò béèrè ìyẹn. "Ìbéèrè tìẹ ti pọ̀ jù," ló wí.

Ọmọ Tẹ́lọ̀ gba ìgò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo bọ́tìnnì. "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́la? A ti dìbò!"

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, Alága wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọṣọ. Igbe Kékeré ló gbọ́ láti òkè. Kò mọ bó ṣe gun àtẹ̀gùn. Ó bá Ọmọ Tẹ́lọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká jọ, ó fọwọ́ mú ikùn, òógùn bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Èébì wà lórí ẹní. Ìgò ṣí sílẹ̀. Hóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú bébà. Omi ìgò ló kọ́kọ́ tọ́ wò, ẹnu kan péré, ẹnu kan yẹn ló sọ ọ́ di báyìí.

"Ó ń jó mi," ló ń wí. "Ọ̀nà ọ̀fun mi ń jó mi."

Olórin ti kúnlẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kékeré ń sunkún. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kílíníìkì! Alága, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Alága dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dúró. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí Dókítà Alápò sọ ló ń dún létí rẹ̀. Ó ń ro ti orúkọ ara rẹ̀, ó ń ro ti ìwé yàrá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbò sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n dúró wò ó díẹ̀ ná.

"Alága!" Kékeré gbá a lápá. "Ṣé ká tún dìbò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Ọmọ Tẹ́lọ̀ pọ̀n, ó sì gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Kékeré gbá ìgò àti bébà mú, ó tẹ̀ lé e. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù lọ tí ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Olórin náà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní kílíníìkì iléèwé, Nọ́ọ̀sì Àgbà ló wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan tó fi okùn bàtà so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gba ìgò lọ́wọ́ Kékeré, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro. Ó pe dókítà lórí fóònù, ó fa omi sí Ọmọ Tẹ́lọ̀ lára, ó ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà dé, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara tó rọ ọmọ náà, kí èémí rẹ̀ tó wálẹ̀.

"Orí yọ ọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò lè sọ fún yín pé báyìí-báyìí ló wà nínú ìgò yìí. Ẹni tó tà á gan-an lè má mọ̀. Ká ní ó mu ún tán, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ tí à bá máa sọ. Ta ló ní kó mu ún?"

Kékeré ló fèsì. "A dìbò ni, mà."

"Ẹ kí ni?"

"A dìbò. Méjì sí ọ̀kan."

Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ẹni tí bọ̀bọ́ ẹ̀ fipá fún ní oògùn. Mo ti rí ẹni tí ìyá ẹ̀ wọ́ wá síbí. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó bí i tipátipá, tó sì sá kúrò nílé. Àwọn tó ka ìbò, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rí." Ó yíjú sí Ọmọ Tẹ́lọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo dì tìẹ sí?"

"Wọn ò gbà kí n dìbò, mà. Èmi lọ̀rọ̀ kàn."

Nọ́ọ̀sì wo Alága. Alága wo ilẹ̀. Ojú tì í débi pé ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, ì bá wọ̀ ọ́.

"Ó dáa," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò, ẹ bọ́ síta. Ẹni tí kò dìbò ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Alága ń gbọ́ ohùn láti inú, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn Nọ́ọ̀sì kì í pẹ́ kó tó dákẹ́. Ohùn Ọmọ Tẹ́lọ̀ ló ń lọ bẹ́ẹ̀, tó ń lọ. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan. Alága ò mọ̀ pé ọmọ yìí lè sọ̀rọ̀ tó báyẹn.

Nígbà tó ṣe, Nọ́ọ̀sì pè wọ́n wọlé. "Òun ló ní kí n sọ díẹ̀ fún yín. Èyí tí kò ní kí n sọ, mi ò ní sọ ọ́." Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó. "Ta ló sọ pé iléèwé máa lé e?"

Kékeré na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. "Ẹnì kan sọ ọ́ ní ilé oúnjẹ, mà."

Nọ́ọ̀sì mú ìwé òfin iléèwé sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. "Ojú ìwé kejìlélógún. Kà á."

Kékeré kà á sókè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóyún lè gba àyè lọ sílé fún ọdún kan, àyè rẹ̀ á sì máa dúró dè é. Gbogbo wọn ló ní ìwé náà. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni ti yàrá kẹrìnlá wà, òun ni wọ́n fi ń mú tábìlì dúró kó má baà máa mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, mà?" ni Alága wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Oyún ló lé e kúrò níléèwé."

"Iléèwé ló ní kó má wá mọ́?"

"Rárá, mà."

"Ta ló wá ní kó má lọ mọ́?"

Alága ronú sí i. "Bàbá wa ni. Bàbá wa ní òun ò ní rán alábiyamọ níléèwé."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oyún kọ́ ló lé ẹ̀gbọ́n ẹ. Èèyàn ló lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ẹ́ títí dòní, mo rí i. Àmọ́ ara ọ̀rẹ́ ẹ lo ti fẹ́ wo ọgbẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ." Ó yíjú sí Olórin. "Ìwọ, ìgbàgbọ́ ẹ kì í ṣe ohun àbùkù. O lè sọ ọ́ fún un, òun náà lè ní irú ẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ bi ẹ́: bọ́tìnnì tó o jù yẹn, ṣé nítorí Ọlọ́run ni àbí nítorí ẹgbẹ́ akọrin?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí Olórin tó jókòó pẹ́ láìkùn orin.

"Èmi ò tiẹ̀ ní ìdí kankan, mà," ni Kékeré wí, ó tún ń sunkún. "Alága wò mí ni."

"Ẹ rí i bí?" ni Nọ́ọ̀sì wí. "Bọ̀bọ́ ń sá fún ẹrù. Ẹnì kan ń bẹ̀rù iléèwé, ẹnì kan ń bẹ̀rù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ń bẹ̀rù bàbá tí kì í ṣe bàbá ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ń bẹ̀rù Alága. Gbogbo ẹ̀rù yín lẹ kó jọ, ẹ wá gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo mu. Ẹni tí wọ́n bá fi orí ẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀."

Ó wá sọ fún wọn bó ṣe yẹ kó rí. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ tún àyẹ̀wò ṣe, torí páálí pẹlẹbẹ lè ṣìnà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ ní ọsibítù, kí wọ́n lè mọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún náà jẹ́, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá inú ilé ọmọ ló wà, torí pé oyún máa ń dúró síbòmíràn nígbà míì, oògùn ojú ọ̀nà lórí irú oyún bẹ́ẹ̀ sì lè pa obìnrin. Dókítà á sọ ohun tó ṣeé ṣe fún un àti ohun tí òfin fàyè gbà. Tó bá fẹ́ bí i, wọ́n á fi ọ̀nà ìtọ́jú aboyún hàn án. Tí kò bá fẹ́, wọ́n á sọ èyí tó mọ́, tó sì bófin mu fún un. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fún un láyè láti ronú.

"Ọlọ́pàá ńkọ́, mà?" ni Alága béèrè.

"Èmi ò ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá ni mò ń tọ́jú. Ẹni tó sọ fún ẹ pé kó o má gbé ẹni tó ń kú lọ wá sọ́dọ̀ wa, ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ìwọ."

Ọmọ Tẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè ni ìyá náà dé kílíníìkì, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò rántí bọ́ ọ. Alága tó wà níbẹ̀ fẹ́ sá jáde. Ó ti ń dúró de ariwo.

Ohun tí ìyá kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ẹni tó fún un lóyún. "Ta ló fún ẹ ní nǹkan burúkú mu?"

"Màmá, mo rò pé tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ máa kú."

"Inú bí mi," ni ìyá wí. "Má jẹ̀ẹ́ n purọ́ fún ẹ. Láti ilé títí dé ibí ni inú ń bí mi, onímọ́tò gan-an mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó bínú, inú ẹ̀ á rọ̀. Ẹni tó bá kú ò ní padà. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ fún yín. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe."

Ibẹ̀ ni Alága ti rántí òwúrọ̀ Sátidé. "Ìyá mi..." ni ọmọ yìí wí, òun ló sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní òun jẹ́ kó parí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, wọn ì bá má dé ọ̀dọ̀ Dókítà Alápò rárá. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá náà níbẹ̀, ó sunkún, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, títí dórí ìwé yàrá.

Ìyá náà na ọwọ́ sí i. "Dìde. Ìwọ lo pọ̀n ọ́n wá, wọ́n sọ fún mi. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ mi, bi èèyàn léèrè kó o tó gbé e."

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò, tí ìyá àti ọmọ ti jókòó sọ̀rọ̀, tí dókítà náà sì ti dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, Ọmọ Tẹ́lọ̀ padà sí yàrá kẹrìnlá. Alága nìkan ló bá níbẹ̀. Ó mú agolo bọ́tìnnì, ó ṣí i, ó mú ẹyọ kan jáde, ó sì jù ú sínú ife búlúù. Ó dún ko.

"Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe," ló wí. Ó sì sọ ọ́.

Alága ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdánwò, èyí tó yẹ àti èyí tí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ dé orí ahọ́n. Ó pa ẹnu dé, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Kí ni kí n bá ẹ ṣe?" ló béèrè.

"Bá mi lọ lọ́la. Kò sí nǹkan míì."

"Aago mélòó?"

Àwa tí a sọ ìtàn yìí, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ọmọbìnrin tó bá rí i pé òun lóyún lẹ́nu ẹ̀kọ́, kó má ṣe sáré, kó má sì fi pamọ́ títí yóò fi pẹ́ jù. Kó lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó kọ́ṣẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀, títí kan ohun tí òfin ìlú rẹ̀ wí. Kó wá àgbàlagbà kan tó fọkàn tán. Ìyá tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ wọkọ̀. Oògùn tí kò lórúkọ, ìgò tí kò níwèé lára, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ní àpò mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá sì ti lo irú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà gan-an, tí ara rẹ̀ gbóná, tí inú ń run ún kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tí òyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ohun tó lò dání. Ìjáfara léwu níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin bọ̀bọ́, ẹ̀yin aṣíwájú ẹ̀sìn, ẹ ní ọ̀rọ̀ sọ, a ò ní kí ẹ má sọ ọ́. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bi ara yín pé ẹ̀rù ta lẹ̀ ń bà. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn parí gbólóhùn rẹ̀.

Ọmọ Tẹ́lọ̀ wà láàyè, ara rẹ̀ le. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ó sì ṣì ń bá wọn rán bọ́tìnnì tó bá já. Ní yàrá kẹrìnlá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n ń kó sínú ife búlúù báyìí.

Mo mọ̀ pé ó ku ohun kan tó ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó sọ fún Alága lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yẹn, bóyá funfun ló jù sínú ife àbí dúdú. Òun ló mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, dókítà mọ̀ ọ́n, Alága náà mọ̀ ọ́n, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Ẹ fi bọ́tìnnì tiyín sínú àpò.